Ògún Kò Ní Kí Ajá Má Jẹ́ Kí Aládùúgbò Sùn

Ọ̀rọ̀ tí ó gbé mi dé iwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú igbódù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àríyànjiyàn lórí oyè tàbí lórí ẹni tí ó yẹ kí ó ṣáájú níbi ọdún. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Ajá márùn-ún tí ń gbó láti ààjìn títí di àfẹ̀mọ́jú lẹ́yìn ògiri ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa, tí ẹni tí ó ni wọ́n sì jẹ́ olórìṣà bíi tèmi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré jù fún ojú ewé yìí, kí ó fara balẹ̀ kà á tán, nítorí láti ara ajá wọ̀nyí ni wọ́n ti fẹ́ fi òfin de ìbọ ní gbogbo òpópónà wa.

Etí ìlú Ìbàdàn ni ilé náà wà. Ojúlé mẹ́rin ni, yàrá kan àti pálọ̀ ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. Owó tí àwọn ayálégbé ń san níbẹ̀ ni a fi ń ra oògùn ìyá mi. Aládùúgbò tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo máa pè ní Bàbá Oníṣẹ́-irin, nítorí géètì àti wíńdò irin ni ó ń jó. Ilé Ògún ni wọ́n bí i sí. Mo ti jẹ, mo ti mu níbi ọdún Ògún rẹ̀ rí, òun ni ó sì kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan ilé wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi wọ káà ilẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àwọn ajá rẹ̀ ní orúkọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn baba wa tí wọ́n máa ń fi orúkọ ajá sọ ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ sí aládùúgbò lójú. Ọ̀kan ń jẹ́ Tanímọ̀la. Òmíràn, tí ó tóbi jù nínú wọn, ń jẹ́ Kòkànyín. Bí ó bá di aago mẹ́ta òru tí igbe ta, tí bàbá yìí sì nahùn láti inú yàrá rẹ̀ pé "Kòkànyín! Kòkànyín!", kí ẹ̀yin náà rò ó bí ó ti ń dún létí ẹni tí kò rí oorun sùn láti àárọ̀ àná.

Nọ́ọ̀sì ni ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé wa. Ó máa ń ṣiṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ kan, kí ó tún ṣe ti ọ̀sán lọ́sẹ̀ kejì. Lọ́sẹ̀ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin kì í jẹ́ kí ó sùn lọ́sàn-án. Lọ́sẹ̀ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ajá kì í jẹ́ kí ó sùn lóru. Kò sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ irin sí mi rí. Ó ní iṣẹ́ ni, ẹni tí ó ń jẹun kò gbọdọ̀ bínú sí ẹni tí ó ń wá oúnjẹ. Ti ajá ni kò lè gbà. Abiyamọ kan wà ní ojúlé kejì nígbà kan, ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ó kó jáde nígbà tí owó rẹ̀ ṣì ku oṣù márùn-ún. Ẹni tí ó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kò lò ju oṣù méjì lọ tí ó fi ní kí n dá owó òun padà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Ọ̀sán gangan ni ajẹ́ńtì wa máa ń mú àwọn ènìyàn wá wo ilé, nígbà tí àwọn ajá náà bá ń sùn lábẹ́ ìbòòji. Mo mọ̀, n kò sì sọ nǹkan kan. Owó ọdún kan gbáko ni mo gbà lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ̀ dájú pé kò ní sùn. Kí n tó ka ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí n ka tèmi sílẹ̀ ná.

Mo lọ bá Bàbá Oníṣẹ́-irin. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi títí tí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá mi orí, ó ní: "Ọmọ mi, ajá Ògún ni wọ́n. Ẹni tí ó bá bá ajá Ògún jà, Ògún ni ó bá jà. Ìwọ tí o mọ ìdí ọ̀rọ̀, ṣé ó yẹ kí n tún máa là á fún ọ?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Mo padà sílé pẹ̀lú ìtìjú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ro gbólóhùn yẹn, bí mo sì ti ń rò ó ni ó ń bí mi nínú sí i, kì í ṣe nítorí oorun mọ́, bí kò ṣe nítorí Ògún.

Lóòótọ́ ni ajá jẹ́ ti Ògún. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ Ìrè tàbí ọmọ Oǹdó ní èyí. Ajá ni ẹran tí a fi ń bọ ọ́, ajá ni ó sì ń bá àwọn ọdẹ, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ògún, rìn nínú igbó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: irú ajá wo ni ajá ọdẹ? Ajá ọdẹ a máa tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀. Wọn a so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kí ọdẹ lè mọ ibi tí ó wà nínú ìgbẹ́. Kì í gbó lásán. Bí ó bá gbó, ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé ẹran ti yọjú, tàbí pé ewu wà níwájú. Ajá tí ó bá ń fi igbe lé ẹran sá kí ọdẹ tó súnmọ́ ìtòsí, ilé ni yóò máa jókòó sí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ. Ajá tí ó ń gbó òjìji ara rẹ̀ láti ààjìn di òwúrọ̀ kò jẹ́ iṣẹ́ kankan fún Ògún. Ẹran tí a há mọ́ inú irin tí ayé sì sú ni.

Ẹ tún wò ó síwájú. Ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra níwájú adájọ́, bí Kristẹni ti ń fi Bíbélì búra tí Mùsùlùmí sì ń fi Kùránì búra. Àwọn tí kò tilẹ̀ sin Ògún gbà pé kò fẹ́ràn irọ́, ìdí nìyẹn tí irin fi wà ní kóòtù. Òrìṣà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ òtítọ́ báyìí, ṣé orúkọ rẹ̀ ni a ó máa fi bo àìbìkítà wa mọ́lẹ̀? Bí mo bá sọ pé Ògún ni ó ní kí ajá mi má jẹ́ kí ọmọ oṣù mẹ́ta sùn, kí ni ó kù tí ó yà mí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó fi irin búra èké?

Àwọn àgbà ní ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ẹni tí ó bá ń tojú bọ ọ̀rọ̀ onílé-onílé ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ bí wọ́n ti pa á, ọ̀rọ̀ ààlà ni. Ojúlé olówó rẹ̀ ni iṣẹ́ ajá mọ. Bí igbe rẹ̀ bá ti fo ògiri, tí ó sì gba oorun lójú ẹni tí kò rán an níṣẹ́, ó ti kọjá ibi tí a yàn án sí, ọ̀rọ̀ sì ti di ti ẹni tí ó ń bọ́ ọ.

A wà lórí èyí títí ọ̀rọ̀ fi dé ìpàdé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò. Kì í ṣe èmi ni mo gbé e débẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì títì ni oorun kọ́kọ́ tán lójú rẹ̀ pátápátá. Ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá, wọ́n ka àbá òfin kan sí wa létí. Ìlà àkọ́kọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní ju ajá méjì lọ nínú ọgbà ilé kan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìlà kejì ní kí gbogbo ajá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lọ́dọọdún. Èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìlà kẹta ni ó gbé mi dìde lórí àga: kí a má ṣe ìbọ kankan, kí a má sì pa ẹran kankan fún ètùtù ní òpópónà náà mọ́, "kí àdúgbò lè ní ìfọ̀kànbalẹ̀."

Mo wò yíká. Nínú onílé mẹ́tàlélógún, àwa méjì péré ni olórìṣà, Bàbá Oníṣẹ́-irin kò sì wá sí ìpàdé lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó rí ohun tí ó burú nínú ìlà kẹta. Àbí kí ni wọn yóò rí? Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ti sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀ pé ọ̀rọ̀ ajá òun, ọ̀rọ̀ òrìṣà ni. Wọ́n gbà á gbọ́. Bí ariwo bá jẹ́ ti òrìṣà, ẹni tí kò fẹ́ ariwo yóò ní kí òrìṣà kó ẹrù rẹ̀.

Kí ẹ má baà sọ pé mo ń bẹ̀rù òjìji, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìlú Hialeah ní ìpínlẹ̀ Florida, ní Amẹ́ríkà. Ní 1987, àwọn ọmọ Lùkùmí tí ìran wọn ti Cuba wá, tí Ernesto Pichardo sì ṣáájú wọn, kéde pé àwọn fẹ́ ṣí ilé ìjọsìn níbẹ̀, níbi tí wọn yóò ti máa bọ òrìṣà ní gbangba láìfara pamọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ará ìlú. Ìgbìmọ̀ ìlú pe ìpàdé pàjáwìrì, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbé àwọn òfin jáde tí ó sọ fífi ẹran rúbọ di èèwọ̀. Ẹjọ́ yìí ni ó rìn títí tí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà, tí gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán níbẹ̀ sì fi dá àwọn olórìṣà láre ní 1993.

A máa ń yọ̀ lórí ẹjọ́ yìí, ó sì tọ́ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ka ìdí tí wọ́n fi dá wọn láre? Àwọn adájọ́ kò sọ pé òrìṣà ga ju òfin ìlú lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn olórìṣà nìkan ni ìlú náà dojú òfin kọ. Ẹni tí ó pa ẹran fún oúnjẹ kò jẹ̀bi, ẹni tí ó ń ṣọdẹ kò jẹ̀bi, apẹja kò jẹ̀bi; ẹni tí ó pa á fún òrìṣà ni wọ́n fẹ́ mú. Bí ó bá jẹ́ òfin tí ó de gbogbo ènìyàn bákan náà ni, ó ṣeé ṣe kí ìdájọ́ gba ọ̀nà mìíràn. Ní Brazil pẹ̀lú, ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ wọn fọwọ́ sí i pé àwọn ẹlẹ́sìn tí ó ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹran rúbọ. Àwọn ará wa lókè òkun fi ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ owó jà fún ẹ̀tọ́ tí a jogún lọ́fẹ̀ẹ́ níhìn-ín.

Nítorí náà, ìlà kẹta inú àbá àdúgbò wa, ọmọ ìyá òfin Hialeah ni. Mo lè dìde sí i, kí n sì fi Abala 38 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí abala náà fún olúkúlùkù ní òmìnira láti sin ohun tí ó bá gbàgbọ́. Ìlà àkọ́kọ́ àti ìkejì kò bá Ògún wí rárá. Wọ́n de ajá Alhaji, wọ́n de ajá Pásítọ̀, wọ́n sì de ajá tèmi bí mo bá ní. Ìyọnu tí mo ní ni pé Bàbá Oníṣẹ́-irin ti fi ẹnu ara rẹ̀ so ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ já okùn náà láìkọ́kọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́?

Èyí tí ó tún dùn mí ni pé àwa gan-an ni a máa ń pariwo nípa ariwo. Nígbà tí LASEPA bá ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí pa ní Èkó nítorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí kì í jẹ́ kí ará àdúgbò sinmi, a máa ń pàtẹ́wọ́, a sì máa ń bèèrè pé ṣé etí Ọlọ́run wọn di ni. Mo ti kọ irú rẹ̀ rí, n kò sẹ́. Ǹjẹ́ a wá lè sọ pé igbe tí ó ti ọ̀dọ̀ tiwa wá jẹ́ ohun mímọ́? Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe máa ń bọ́ sí ogúnjọ́ oṣù Ògún lọ́dọọdún. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògún àti Èkó ti fún wa ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àti ní ọjọ́ ọdún òrìṣà kọ̀ọ̀kan, a máa ń bẹ àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n fara da ìlù wa. Bí a bá ti ná gbogbo sùúrù wọn tán lórí ajá láti oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́ títí di oṣù Agẹmọ, kí ni ó kù tí a ó fi tọrọ àyè fún bàtá?

Kí n tó dé orí ohun tí a ṣe, ó yẹ kí n fẹnu ba ohun tí a kò ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn ayálégbé wa yọ́ wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní kí n má ṣe da ara mi láàmú, òun mọ májèlé tí a lè fi sínú ẹran, bí a bá jù ú sí òdìkejì ògiri lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ti tán. Mo lé e jáde. Ajá kò ti ara rẹ̀ mọ́ inú kéèjì. Kò yan ògiri tí wọ́n fi í tì. Bí a bá pa á, ẹni tí kò jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ náà ni a pa. Májèlé tí a bá jù sílẹ̀ kò sì mọ ajá yàtọ̀ sí adìẹ, kò mọ adìẹ yàtọ̀ sí ọmọ ọdún méjì tí ó ń rákò kiri ilé. Àwọn ará wa ní Cuba mọ ajá mọ́ Babalúayé. Àwòrán arúgbó elégbò tí ó fi ọ̀pá rìn, tí ajá sì yí i ká, kún ilé wọn, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ọ̀pẹ ni wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀. Ẹranko tí òrìṣà méjì mọ̀ lórúkọ kò yẹ fún ikú ẹ̀yìn ògiri.

Ẹlòmíràn, olórìṣà ni èyí, bi mí bóyá kò sí ewé tí a lè fi pa ajá lẹ́nu mọ́. Mo ní ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n olè ni ó ń wá a.

Ìgbà tí mo padà lọ sí ilé Bàbá Oníṣẹ́-irin, n kò dá lọ. Mo bẹ àgbà méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ń bọ Ògún, a mú obì dání, ọ̀sán ni a lọ. N kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àgbà tí ó dàgbà jù béèrè ìbéèrè kan péré lọ́wọ́ rẹ̀: "Ìgbà wo ni o ní ajá márùn-ún? Bàbá rẹ, ajá kan ni ó ní títí ó fi kú." Bàbá Oníṣẹ́-irin dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ pé ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn olè fo ògiri wọlé, wọ́n kó ẹ̀rọ tí ó fi ń jó irin àti gbogbo wáyà rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́jọ ni ó fi wà láìṣiṣẹ́. Ìgbà náà ni ó ra mẹ́rin kún ọ̀kan. Kì í sùn dáadáa lóru, bí àwọn ajá náà bá sì dákẹ́, àyà rẹ̀ ni ó máa ń já, nítorí kò ní mọ bóyá wọ́n ti pa wọ́n.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ olè ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ògún. Ọdún méjì ni a fi ń bá òrìṣà jà lórí ohun tí ìbẹ̀rù ènìyàn kan dá sílẹ̀. Ojú ti èmi náà, nítorí mo gbọ́ ìròyìn olè yẹn nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, mo kí i pẹ̀lẹ́, n kò sì béèrè mọ́ bí ó ti ń sùn.

Ìgbà tí òtítọ́ ti jáde ni ọ̀rọ̀ wá rọrùn. Ajá márùn-ún nínú àgò kan, tí wọn kì í jáde, tí wọ́n ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, kò sí bí wọn kò ṣe ní pariwo. Etí ajá ń gbọ́ ohùn tíntín tí etí tiwa kò lè gbọ́. Bí ọ̀kan bá gbọ́ ìró eku tí ó sì gbó, àwọn yòókù yóò gbè é, wọn kò sì ní béèrè ìdí. Ajá tí ó bá rìn káàkiri, tí ó jẹun lásìkò, tí ó sì mọ ohùn ẹni tí ó ni ín, yóò sùn. Olè kò ní ríran sí èyí tí ó sùn ju èyí tí ó ń gbó lọ, nítorí ajá tí ó ń gbó ní gbogbo òru ti pa ìtumọ̀ igbe rẹ̀. Lọ́jọ́ tí olè bá dé ní tòótọ́, ta ni yóò dìde?

A fẹnu kò pé ajá mẹ́ta yóò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ń ṣọdẹ ní oko, níbi tí wọn yóò ti rí iṣẹ́ ṣe. Tanímọ̀la àti Kòkànyín yóò dúró. Àgò wọn yóò kúrò lẹ́yìn yàrá àwọn ayálégbé, yóò lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tí ẹrù tí wọ́n ń ṣọ́ wà, wọn yóò sì máa jáde rìn nínú ọgbà ní ìrọ̀lẹ́. Ní tèmi, mo gbà láti san ìdajì owó iná àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí a fi sórí ògiri tí ó dá wa sí méjì. Àwọn kan nínú ẹbí mi bínú sí èyí. Wọ́n ní èwo ni tèmi nínú ṣíṣọ́ ilé onílé? Mo ní ẹni tí ó bá fẹ́ kí aládùúgbò dín ajá rẹ̀ kù, kí ó bá a dín ìbẹ̀rù rẹ̀ kù pẹ̀lú. Ó ti mú àwọn ajá méjèèjì lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Kò gbà wọ́n rí láti ìgbà tí ó ti rà wọ́n, èyí sì bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ.

Ọ̀rọ̀ kù tí mo fẹ́ bá àwa onílé sọ, nítorí onílé pọ̀ nínú wa. Òfin Ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe ní 2011, sọ pé ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé inú ilé tí ó sanwó rẹ̀ ní àlàáfíà, láìsí ìdààmú tí kò tọ́. Bí o kò bá tilẹ̀ gbé ní Èkó, tí òfin náà kò sì kàn ọ́, ìwà kàn ọ́. Ẹni tí ó ń wá ilé kò ní ojú òru lọ́sàn-án. Sọ fún un kí ó tó sanwó. Bí ó bá gbà, ó gbà. Bí ó bá kọ̀, ẹlòmíràn tí oorun rẹ̀ wúwo yóò wá. Èyí tí ó ní kí n dá owó òun padà, mo ti dá a padà, mo sì ti rán ẹni sí abiyamọ tí ó kó jáde nípa owó oṣù márùn-ún rẹ̀. Ajẹ́ńtì ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má ṣe dákẹ́ títí inú yóò fi bí yín dé ibi májèlé. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ariwo ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ẹ lọ bá ẹni tí ó ni ajá ní ojúmọmọ, nígbà tí inú òun náà kò tíì bàjẹ́. Bí kò bá gbọ́, ẹ wá àgbà tí ó ń bọ̀wọ̀ fún. Ní Èkó, ibùdó ìpẹ̀tùsáàwọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀, Citizens' Mediation Centre, ń bá ènìyàn yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí láìgba kọ́bọ̀. Ọlọ́pàá ni kí ó kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fi ọlọ́pàá mú aládùúgbò lónìí, ọ̀la ni yóò ké sí i pé iná ń jó.

Àbá ẹgbẹ́ onílé ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n sún un sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ nígbà tí mo bẹ̀bẹ̀. Bàbá Oníṣẹ́-irin ti ṣèlérí pé òun yóò wá, òun yóò sì fi ẹnu ara òun sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ajá kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrìṣà, kí a lè dìbò lórí ìlà méjì àkọ́kọ́ kí a sì yọ ìkẹta kúrò. Ó ṣòro fún un. Àgbà ni, kò rọrùn fún àgbà láti kó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ níwájú àwọn ọmọdé onílé. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wà nítòsí tí ó sì ní ilé ní agbègbè wa, kí ó kàn sí mi, kí a lè pọ̀ níbẹ̀ ju méjì lọ.

Kòkànyín ṣì máa ń gbó bí wọ́n bá ti pe ìrun àfẹ̀mọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ó sì tán. Nọ́ọ̀sì ti san owó ọdún tí ń bọ̀. Ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ajá sínú ìwé àdéhùn kí òun tó fọwọ́ sí i. Mo ti kọ ọ́.